Ibi Tí Ìjàpá Òkun Yóò Sá Sí

Ìjàpá òkun tí ẹ bá bá lórí iyanrìn lóru, abo ni. Akọ kì í gòkè ní etíkun wa. Láti ọjọ́ tó bá ti já wọ omi ní kékeré, inú òkun ló ń gbé títí di ọjọ́ ikú. Àwọn apẹja nìkan ló ń rí i nígbà tó bá kó sínú àwọ̀n, ìrù gígùn ni wọ́n sì fi ń dá a mọ̀, nítorí ìrù abo kúrú débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má yọ lábẹ́ ìkarawun. Mo fi èyí ṣáájú nítorí òun ló mú kí ọ̀rọ̀ mi ṣòro láti gbà gbọ́. Bí a kò bá bí akọ kan ṣoṣo mọ́ láti òní lọ, ọ̀pọ̀ ọdún lè kọjá kí àwa tí à ń ṣọ́ etíkun tó fura. Abo á ṣì máa gòkè, á máa wa ihò, á máa yé ẹyin. Àwa náà á máa kà wọ́n, a ó máa kọ ọ́ sínú ìwé pé wọ́n ń pọ̀ sí i.

Ẹyin ìjàpá òkun ni mo ti ń ṣọ́ láti ìgbà ọ̀dọ́ mi, ní etíkun Èkó, láti apá Bàdágìrì títí dé ìkọjá Lẹ́kí. Mo ní ẹlẹgbẹ́ ní Grand-Popo lórílẹ̀-èdè Benin, mo ní ní Togo, nítorí ẹranko yìí kò mọ ibodè, kò sì gba ìwé ìrìnnà. Oríṣi méje ló wà láyé, márùn-ún nínú wọn la sì ń rí lómi ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà. Èyí tó ń yé ẹyin lọ́dọ̀ wa jù ni kékeré tí wọ́n ń pè ní olive ridley, tí kì í sábà wúwo tó àpò sìmẹ́ńtì kan. Èyí tó máa ń já ènìyàn láyà ni leatherback, tí kò ní ìkarawun líle bí àwọn yòókù. Awọ ló bò ó lẹ́yìn, ó sì lè tẹ̀wọ̀n ju kílò 500 lọ. Láti bí oṣù Sẹ́tẹ́ńbà títí di Fẹ́búárì ni wọ́n ń gòkè jù, ìyẹn ni pé inú ẹ̀ẹ̀rùn ni ọ̀pọ̀ ẹyin wọn ń gbé. Ẹ fi ẹ̀ẹ̀rùn yẹn sọ́kàn, nítorí òun ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dá lé.

Ewúrẹ́ àti ènìyàn ti di akọ tàbí abo láti ìgbà tí oyún ti dúró. Ti ìjàpá òkun kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹyin bí 100 ni abo ń yé sínú ihò kan, á fi iyanrìn bò ó, á padà sínú omi, kò ní bojú wẹ̀yìn mọ́. Nǹkan bí ọjọ́ 45 sí 60 ni ẹyin ń lò nínú ilẹ̀. Ẹ pín àkókò yẹn sọ́nà mẹ́ta: ooru tó bá mú ní ìdá tó wà láàárín ló ń pinnu ohun tí ọmọ yóò jẹ́. Bí iyanrìn bá wà ní nǹkan bí dígírì 29 Celsius, akọ àti abo á fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Bí ó bá tutù jù bẹ́ẹ̀ lọ, akọ ló ń pọ̀. Bí ó bá lé ní dígírì 31, ó ṣòro kí ẹ tó rí akọ kankan nínú ìtẹ́ náà. Dígírì méjì péré ló ṣe gbogbo ìyẹn. A kò sì lè fi ojú lásán mọ akọ lára ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, ìrù gbogbo wọn bára dọ́gba. Ohun tí àwa ń ṣe ni pé a ó ri ẹ̀rọ kékeré tí ń wọn ooru sí ẹ̀gbẹ́ ẹyin, a ó sì máa ka ọjọ́. Ìtẹ́ tó bá tètè pa, abo ló kún inú rẹ̀. Èyí tó bá falẹ̀, akọ wà níbẹ̀.

Ẹni tó bá rò pé ọ̀rọ̀ òkun nìkan nìyí, kó wo alángbá tó ń mi orí lára ògiri ilé rẹ̀. Lára alángbá ni àwọn onímọ̀ ti kọ́kọ́ rí i pé ooru lè pinnu akọ àti abo láàárín ẹran afàyàfà. Ní Dakar, ní 1966, Madeleine Charnier kó ẹyin alángbá síbi tí ooru wọn yàtọ̀ síra. Àwọn tó wà ní dígírì 26 sí 27 fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ abo tán. Àwọn tó wà ní dígírì 29 di akọ. Òdìkejì ìjàpá òkun gan-an ni. Ti ọ̀nì tún yàtọ̀ sí ti àwọn méjèèjì: ooru tó bá mọ níwọ̀n ló ń fún un ní akọ, èyí tó rẹlẹ̀ jù àti èyí tó ga jù, abo ni wọ́n ń mú wá. Ẹranko ọ̀dọ̀ wa ni alángbá, Áfíríkà níbí ni wọ́n ti ṣe iṣẹ́ náà, síbẹ̀ n kò tíì bá ọmọ ilé ẹ̀kọ́ kan pàdé lọ́dọ̀ wa tí wọ́n fi ìtàn yìí kọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ akọ tó ń tán yìí ti hàn gbangba jù ni Raine Island, erékùṣù kékeré kan ní àríwá ìlà oòrùn Ọsirélíà, tó jẹ́ ọ̀kan lára ibi tí ìjàpá òkun tí wọ́n ń pè ní green turtle ti ń gòkè jù láyé. Àbájáde ìwádìí kan jáde ní 2018. Nínú àwọn ọmọ tó ti apá àríwá yẹn wá, abo lé ní 99 nínú 100. Lára àwọn àgbà, wọ́n tó nǹkan bí 87. Ní apá gúúsù, níbi tí iyanrìn ti tutù díẹ̀, abo wà láàárín 65 sí 69. Ẹni tó bá wo iye ti àgbà àti iye ti ọmọ á rí ohun tó ń lọ: ó ti lé ní ogún ọdún tí iyanrìn àríwá ti ń mú abo jáde lábo-lábo, tí ẹnikẹ́ni tó ń ka ìjàpá lórí etíkun kò sì rí nǹkan kan tó yàtọ̀.

Bàbá apẹja kan, ọmọ Ìlàjẹ, gbọ́ àlàyé yìí lẹ́nu mi títí dé òpin, ó sì rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ọmọ mi, ṣé abo kọ́ ló ń yé ẹyin ni? Àkùkọ mélòó lẹ̀yin ń sìn sáàárín agbo adìyẹ?” Ọ̀rọ̀ bàbá kì í ṣe ọ̀rọ̀ kíkéré. Akọ kan lè gun abo púpọ̀, akọ sì ń padà síbi gígùn lemọ́lemọ́ ju bí abo ṣe ń padà síbi ẹyin lọ. Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ kan fi gbà pé bí abo bá fi díẹ̀ ju akọ lọ, iye ẹyin á tilẹ̀ gòkè fún ìgbà kan. Èmi náà gbà, òun ló sì ń bà mí lẹ́rù jù. Bí nǹkan bá ń bàjẹ́ tí ìwé wa sì ń sọ pé ó ń dára, ta ni yóò gbọ́ ariwo wa? Mo dá bàbá lóhùn pé, “Òótọ́ lẹ sọ, Bàbá, àmọ́ ooru yìí kò ní dúró síbi tó bá tẹ́ wa lọ́rùn.” Bí iyanrìn bá ti ń kọjá dígírì 33, ẹyin á bẹ̀rẹ̀ sí í kú nínú ilẹ̀. Èyí tó bá tilẹ̀ pa, ọmọ inú rẹ̀ á kéré, kò ní lágbára láti sáré dé omi, bó bá sì dé omi, kò ní lè lúwẹ̀ẹ́ dáadáa. Alákàn àti ẹyẹ ń dúró dè é lókè, ẹja ńlá ń dúró dè é nísàlẹ̀.

Ẹnìkan á wá bi mí pé, ẹranko tí ìran rẹ̀ ti wà láyé fún ohun tó lé ní mílíọ̀nù 100 ọdún, ṣé òní ni ooru ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mú un? Rárá o. Ayé ti gbóná rí, ó ti tutù rí, òkun ti kún, ó sì ti fà. Ìjàpá òkun kò bá ooru jà, ó sá fún un ni. Ó wá etíkun mìíràn lọ, tàbí kó yí oṣù tó ń gòkè padà, tàbí kó wa ihò rẹ̀ sábẹ́ igi. Ìgbà yẹn, ó ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún láti fi ṣe é. Ní tiwa yìí, láti 1850–1900 sí 2011–2020 nìkan, ayé ti fi dígírì 1.09 gbóná sí i, ọdún 2024 nìkan sì fi nǹkan bí dígírì kan àtààbọ̀ ju ti ìgbà náà lọ. Oríṣi mìíràn nínú ìjàpá òkun ń lo ogún ọdún, àní jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó tó tó ẹyin í yé. Ìran mélòó ló wà nínú ìyẹn? Síbẹ̀, ohun tí mo fẹ́ sọ ju ti eré àsápajúdé ooru lọ. Èrò tèmi ni pé ooru nìkan kọ́ ni yóò pa ẹranko yìí run lọ́dọ̀ wa. Ibi tí yóò sá sí la ti dí.

Ẹ jẹ́ ká wo Brazil. Etíkun wọn na láti àríwá lọ sí gúúsù. Ní Bahia, níbi tí àwọn ọmọ ọmọ Yorùbá àtijọ́ pọ̀ sí, abo ló pọ̀ jù nínú ọmọ tí ìjàpá òkun tí wọ́n ń pè ní loggerhead ń bí. Bí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Espírito Santo àti Rio de Janeiro, iyanrìn ibẹ̀ tutù díẹ̀, akọ sì ń pọ̀ sí i. Bí Bahia bá gbóná jù lọ́la, gúúsù ń bẹ. Ẹ wá wo àwòrán ilẹ̀ tiwa. Láti Abidjan títí dé Èkó, etíkun wa dùbúlẹ̀ láti ìwọ̀ oòrùn sí ìlà oòrùn ni. Ìjàpá tó bá fi etíkun kan sílẹ̀ tó rin ọgọ́rùn-ún kìlómítà lọ sí òmíràn, oòrùn kan náà ni yóò bá níbẹ̀. Bó bá sì kọjá Lẹ́kí lọ sókè lọ́hùn-ún, yóò bọ́ sí ẹrẹ̀ Máhìn, ní ilẹ̀ Ìlàjẹ, níbi tí kò sí iyanrìn tí ènìyàn lè wa ihò sí. Ọlọ́run ló tẹ́ ilẹ̀ wa bẹ́ẹ̀, n kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìyẹn.

Oṣù ńkọ́? Ní Florida, loggerhead ti ń tètè gòkè ju ti àtijọ́ lọ bí omi ṣe ń móoru. Lọ́dọ̀ wa, àkókò tí iyanrìn tutù jù ni ìgbà òjò. Mo ti rí i lójú ẹ̀rọ pé òjò ńlá kan ṣoṣo lè mú kí ìtẹ́ tó ń gbóná rọlẹ̀. Ṣùgbọ́n láàárín Júùnù sí Ọ́gọ́ọ̀sì gan-an ni òkun wa ń ru jù, tí ìgbì láti gúúsù jíjìn ń bọ̀ wá jẹ etíkun. Ẹyin ìjàpá ń mí láti ara èèpo rẹ̀, bí omi òkun bá bò ó pẹ́, ó ti kú nìyẹn. Ìjàpá tó bá sá fún oòrùn bọ́ sínú òjò, omi ni yóò gbé ọmọ rẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ àkókò yìí ti pa ẹlòmíràn lára rí. Ẹyẹ kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní pied flycatcher, tó máa ń wá lo ìgbà òtútù Yúróòpù ní ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà níbí. Gígùn ojúmọmọ ló fi ń mọ ìgbà tí yóò padà, ìyẹn kò sì yí padà. Kó tó dé Netherlands, kòkòrò tó fẹ́ fi bọ́ ọmọ ti tètè jáde, ó ti ń tán lọ. Ìwádìí tó jáde ní 2006 fi hàn pé níbi tí kòkòrò ti ń tètè jáde jù, ẹyẹ náà ti dín kù ní nǹkan bí 90 nínú 100 láàárín ogún ọdún.

Mo dé ibi tó ń bí mi nínú wàyí. Òótọ́ ni pé òkun ń kún. Láti 1901 sí 2018, ó fi nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 20 ga sí i káàkiri ayé, láàárín 2006 sí 2018 ó sì ń fi mìlímítà 3.7 ga lọ́dọọdún. Ṣùgbọ́n mìlímítà 3.7 nìkan kọ́ ló ń gbé odidi àdúgbò mì ní ìlà oòrùn Lomé. Iyanrìn etíkun wa kì í jókòó sójú kan. Ìgbì ń tì í láti ìwọ̀ oòrùn lọ sí ìlà oòrùn lójoojúmọ́, èyí tó bá lọ, òmíràn ń bọ̀ wá rọ́pò rẹ̀. Láàárín 1908 sí 1912, ìjọba òyìnbó fi òkúta mọ ògiri wọ inú òkun lẹ́nu ọ̀nà èbúté Èkó kí ọkọ̀ ojú omi lè rí ọ̀nà wọlé. Iyanrìn há sí ìwọ̀ oòrùn ògiri náà, Bar Beach tó wà ní ìlà oòrùn rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ. Wọ́n kọ́ èbúté Lomé ní àwọn ọdún 1960, wọ́n kọ́ ti Kútọnu, nǹkan kan náà ló tẹ̀lé e. Ìdídò Akosombo ní ilẹ̀ Gánà, tí wọ́n parí ní 1965, dá iyanrìn tí odò Volta ń gbé wá sínú òkun dúró. Kí a tó wá dé ọ̀dọ̀ àwọn onítípà tó ń wa iyanrìn létíkun lóru láti lọ fi mọ ilé. Bí òkun bá wọ ilé tálákà kan tán, àwọn aláṣẹ á jáde wá sọ pé ìyípadà ojú ọjọ́ ni. Wọ́n fẹ́ràn gbólóhùn yẹn púpọ̀. Kò ní orúkọ ẹnikẹ́ni nínú, kò sí ẹni tí ọlọ́pàá lè mú.

Etíkun tí kò ní ògiri lẹ́yìn mọ bó ṣe ń gba ara rẹ̀. Bí omi bá ga, ó máa ń sún sẹ́yìn ni, iyanrìn á tún tẹ́ síwájú, ìjàpá á rí ibi gòkè sí. Nígbà tí a bá wá fi kọnkéré dí ẹ̀yìn rẹ̀, níbo ni yóò sún sí? Mo ti tẹ̀lé ipa ìjàpá lórí iyanrìn láàárọ̀ dé ẹsẹ̀ ògiri hòtẹ́ẹ̀lì kan. Ó fi ara gbá ògiri náà, ó tọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ títí, kò rí ọ̀nà, ó padà lọ yé ẹyin sí ibi tí omi ń dé. Ìgbì ti kó wọn kí oṣù tó pé.

Ó wá ku abẹ́ igi. Àgbọn ló tò sí etíkun yìí láyé àwọn bàbá wa, Bàdágìrì tilẹ̀ gbajúmọ̀ fún un. Òjìji àgbọn lè fi dígírì kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tu iyanrìn tó wà lábẹ́ rẹ̀, ẹ sì rántí pé dígírì méjì ló wà láàárín ìtẹ́ tí akọ àti abo ti dọ́gba àti ìtẹ́ tí kò sí akọ rárá. Ohun tí à ń pè ní ẹwà etíkun lásán, ilé ìbímọ akọ ìjàpá ni. Àrùn ti pa púpọ̀ nínú àgbọn etíkun láti Gánà wá títí dé ọ̀dọ̀ wa. Èyí tí àrùn kò pa, katapílà ló ń wó o, kí àwọn tó ra ilẹ̀ lè rí òkun láti ojú fèrèsé. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n á tan iná ńlá kọjú sí omi. Ọmọ ìjàpá tó bá jáde lóru, ibi tó mọ́lẹ̀ jù ló ń dorí kọ, nítorí ojú òkun ló máa ń mọ́lẹ̀ ju orí ilẹ̀ lọ tẹ́lẹ̀. Ẹ óò bá wọn láàárọ̀ ní ìdí gẹnẹrétọ̀.

Agbára àwa ẹ̀ṣọ́ kò pọ̀. Ẹyin tó bá wà níbi tí omi yóò kó o, a máa ń gbé e lọ sínú ọgbà tí a fi wáyà yí ká. Ọgbà yìí gan-an lè di ìṣòro. Bó bá wà nínú oòrùn gbangba, ọwọ́ ara wa la fi ń sọ gbogbo ọmọ inú rẹ̀ di abo. Mo ti rí irú rẹ̀ tí wọ́n fi owó ńlá kọ́, tí pátákó àmì rẹ̀ ń dán, tí kò sí ewé kan lókè rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ imọ̀ ọ̀pẹ díẹ̀ lórí òpó mẹ́rin ti tó. Ní Ọsirélíà, wọ́n ti dán an wò láti máa fi omi òkun rin iyanrìn kó lè tutù, ó sì ṣiṣẹ́. Ohun tó tún máa ń dùn mí ni ayẹyẹ títú ọmọ ìjàpá sílẹ̀ lọ́sàn-án gangan kí àwọn ènìyàn ńlá lè ya fọ́tò. Òru ni ọmọ ìjàpá ń jáde, nígbà tí iyanrìn bá tutù. Ẹni tó bá fẹ́ràn wọn, kó gbé oorun tì.

Ní 1980 ni wọ́n dá Projeto TAMAR, iṣẹ́ ìdáàbòbò ìjàpá òkun, sílẹ̀ ní Brazil. Àwọn apẹja tó ń wa ẹyin jẹ tẹ́lẹ̀ ni wọ́n gbà síṣẹ́ láti máa ṣọ́ ọ, nítorí kò sí ẹni tó mọ ibi tí ẹyin wà jù wọ́n lọ. Ó ti wúlò fún wọn, ó lè wúlò fún wa. Àwọn ìjọba etíkun Áfíríkà ti fọwọ́ sí ìwé àdéhùn kan ní Abidjan ní 1999 láti dáàbò bo àwọn ẹranko yìí. Ìwé yẹn kò mú òógùn kúrò lára mi rí.

Ooru ayé, èmi àti ẹ̀yin kò lè dá a dúró láti Bàdágìrì. Àwọn tó ń sun epo àti èédú jù láyé ló ni pàtàkì iṣẹ́ yẹn, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé e lé yín lórí. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tó wà lẹ́yìn etíkun, àwa la ni ín. Ẹ̀yin tí ẹ ra ilẹ̀ létíkun, mo bẹ̀ yín, ẹ má gé àgbọn tó kọjú sí òkun, bí kò bá sì sí, ẹ gbìn ín. Ẹ má mọ ògiri dé ibi tí ìgbì ń dé. Láti Sẹ́tẹ́ńbà títí di Fẹ́búárì, bí ilẹ̀ bá ti ṣú, ẹ pa iná tó kọjú sí omi. Bí ẹ bá sì rí ipa ìjàpá lórí iyanrìn yín láàárọ̀, ẹ má wa ibẹ̀, ẹ má sì sọ fún ẹni tí ń ta ẹyin. Àwa tí à ń ṣọ́ ọ ni kí ẹ pè.